Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ayé fún Ìtàn Ìyanu: Ìmọ̀ràn fún Òǹkọ̀wé Tó Ń Dá Ìwé Rẹ̀ Tẹ̀

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo dáwọ́ lé kò kọjá orí kìíní. Ogójì ojú-ewé ni mo fi to orúkọ ọba, láti orí ẹni tó tẹ ìlú náà dó títí dé orí ẹni kejìlélógún tó wà lórí ìtẹ́. Mo kọ ogun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jà àti ọdún tó wàjà, mo sì ya àwòrán ilẹ̀ kan tó ní òkè mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo wá jókòó láti kọ ìtàn gan-an, tí ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí jí ní kùtùkùtù, n kò mọ ohun tí yóò fi panu. N kò mọ̀ bóyá iṣu ń ta ní ilẹ̀ wọn, n kò mọ ẹni tó ń pọn omi, n kò sì mọ ohun tí wọ́n fi ń ra iyọ̀. Ọba méjìlélógún wà nílé, kò sí ènìyàn kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí, tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹni tó ń kọ ìtàn iwin àti oògùn àti ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀, tí kò sì ní ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kankan lẹ́yìn, ni pé kí a mú ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ sí ayé tí a mọ̀, kí a wá tẹ̀lé e láti ààfin dé ọjà, àti láti ọjà dé ìdí ààrò. Ẹni tó yí ogún nǹkan padà láìtẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn dé ibi tó ń lọ yóò kàn máa ya òǹkàwé lẹ́nu fún ojú-ewé mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ìyàlẹ́nu yóò tán, kò sì ní sí ohun tí yóò dá òǹkàwé dúró mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ìwọ̀fà: ẹni tó yáwó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe ni èlé, kò dín kọ́bọ̀ nínú ojú owó, nítorí náà yóò máa sìn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san gbogbo owó náà pé. Nínú ìlú tí mo fọkàn dá, tí mo sọ ní Abẹ́òjìji, òjìji ènìyàn ni wọ́n ń fi ṣe ìwọ̀fà. Ẹni tó yáwó yóò bọ́ òjìji rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé olówó, òjìji náà yóò máa ro oko, yóò máa gún iyán níbẹ̀, ẹni tó ni ín yóò sì máa rìn káàkiri bí ẹni tí oòrùn kò mọ̀ rí. Ohun kan tí mo yí padà nìyẹn. N kò fi ẹṣin abìyẹ́ kún un, n kò sì fi ọba onírù kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún mi.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bi ara mi pé ìgbà wo gan-an ni a máa ń rí òjìji ènìyàn. Ní ìyálẹ̀ta ó gùn, ó sì hàn kedere. Ní ọ̀sán gangan ó súnkì sábẹ́ ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún na ara rẹ̀ tán. A jẹ́ pé ní Abẹ́òjìji, onígbèsè tí ojú ń tì kì í yọjú síta ní ìyálẹ̀ta. Ọ̀sán gangan tí àwọn ẹlòmíràn ń sá fún oòrùn ni òun ń yára lọ sọ́jà. Mo fi ìlú náà sí ìwọ̀n ibi tí Ìbàdàn wà sí agbedeméjì ayé, ibi tí oòrùn ti máa ń dúró ṣánṣán sókè orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, tí òjìji kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fún ẹnikẹ́ni fún ìṣẹ́jú díẹ̀. N kò tún wá ọdún ìbílẹ̀ kankan kiri mọ́ fún wọn: ọjọ́ méjèèjì yẹn di ọdún onígbèsè, tí olówó àti ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè jọ ń jó lójú agbo kan náà, tí àlejò kò sì lè mọ ẹni tí í ṣe ta ni. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo ojú oòrùn, ọkàn àwọn ènìyàn máa ń balẹ̀ díẹ̀. Àárín ọyẹ́ ni ìdílé tó ní àṣírí máa ń rán alárenà lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ wọn. Ìdílé ìyàwó tó bá gbọ́n yóò ní kí wọ́n padà wá nínú oṣù Kẹta, ní ìyálẹ̀ta, kí ọkọ ìyàwó sì wá dúró sáàárín agbolé.

Ẹ kíyè sí i pé n kò jókòó ronú àṣà ìgbéyàwó lọ́tọ̀ àti ọdún ìbílẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun kan náà ni mo ń tẹ̀lé, òun ló ń kó wọn jáde. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń bi í kò pọ̀: ta ló ń jèrè lára rẹ̀, ta ló ń fi rẹ́ni jẹ, kí ni wọ́n kà léèwọ̀ nítorí rẹ̀, kí sì ni àwọn ọmọdé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè kejì ló máa ń so èso jù. Nígbà tí mo bi í, mo rí aláró kan ní ìsàlẹ̀ ìlú tó ń rẹ aṣọ sínú ẹ̀lú títí yóò fi dúdú kirikiri, tó sì ń tà á fún onígbèsè láti so mọ́ gìgísẹ̀ kí ó máa wọ́ ọ nílẹ̀, kí ẹni tó ń wò láti òkèèrè lè rò pé òjìji ni. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin yẹn yóò wà nínú ìwé náà, òun ló wá di ẹni tí àwọn tó ti ka àkọsílẹ̀ náà fẹ́ràn jù.

Agbára oògùn ni ibi tí ọ̀pọ̀ ayé àtinúdá ti ń wó. Nínú ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa, kánàkò ń ká ọ̀nà jíjìn kò, àféèrí kì í jẹ́ kí a rí ènìyàn, egbé ń gbé ẹni tó wọ gàù lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní èèwọ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá sì rú èèwọ̀ náà yóò pe oògùn kò ní jẹ́. Èèwọ̀ yẹn ni ìtàn, kì í ṣe agbára. Bí kánàkò bá wà fún títà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó lówó, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wa ìdí tí alárùú fi ṣì wà lójú ọ̀nà, ìdí tí oníbodè fi ṣì ń rí owó ibodè gbà, àti ìdí tí ọba tó ní ogun ní ìhà kejì odò fi ń fi oṣù mẹ́ta kó ọmọ ogun rẹ̀ jọ. Nínú ìwé kan tí mo pa tì, mo sọ pé ọ̀nà tí a bá ká kúrò níwájú ẹnì kan yóò gùn sí i níwájú ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìlànà kúkúrú yẹn nìkan tó láti sọ gbogbo oníkánàkò di ọ̀daràn ní ojú àwọn alárùú, n kò sì ní láti wá ìjà wọ inú ìtàn náà mọ́.

Ní ti àwòrán ilẹ̀, ẹ yà á, ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi òkè kan síbì kan, ẹ bèèrè ohun tí kò lè wà láàyè níbẹ̀. Ọ̀yọ́ àtijọ́ wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹṣin tí wọ́n ń rà láti apá àríwá sì wà lára ohun tó sọ ogun wọn di ẹ̀rù fún àwọn aládùúgbò. Ẹṣin kì í pẹ́ kú nínú igbó kìjikìji, nítorí kòkòrò tsetse tó ń bu ẹran jẹ máa ń kó àrùn sí i lára. Yàtọ̀ sí èyí, ẹlẹ́ṣin kò rí ibi sáré láàárín igi. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ní Òṣogbo, tó wà ní bèbè ilẹ̀ igbó, ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá ogun ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró. Kòkòrò tí kò tó èékánná ọwọ́ wà lára ohun tó pinnu ibi tí agbára ẹlẹ́ṣin parí sí. Nítorí náà, bí ilẹ̀ yín bá ní ẹranko tó ń gbé ẹrù, tàbí ohun ọ̀gbìn kan tí gbogbo ìlú fẹ́, ẹ fa ìlà yí ibi tó lè yè ká, ẹ ó sì rí i pé ààlà ìjọba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ara rẹ̀ tán. Ìrìn náà ṣe pàtàkì. Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ òde òní jẹ́ nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà. Ẹni tó ru ẹrù yóò sun ọ̀nà, ibi tó bá sùn yóò ní ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń ta oúnjẹ yóò kọ́ ilé, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba owó ibodè. Ìlú máa ń hù síbi tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ alárùú. Bí àwọn ènìyàn inú ìwé yín bá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo, òǹkàwé tí bàbá ńlá rẹ̀ rin ọ̀nà oko kò ní gbà yín gbọ́.

Owó ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn tèmi ti jáde. Nígbà owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan; àádọ́ta okùn jẹ́ 2,000, tí í ṣe ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ 20,000, tí a mọ̀ sí ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan wúwo ju ogún kílò lọ. Ẹ fojú inú wo olè tó fẹ́ jí ọ̀kẹ́ márùn-ún lóru: yóò nílò ẹlẹgbẹ́ mẹ́rin, ẹnì kan nínú wọn yóò sì sọ̀rọ̀ nígbà tó bá mutí yó. Ẹ tún wo ibi tí owó náà ti wá. Erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó ẹyọ kéékèèké wá. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1840 lọ sókè, àwọn oníṣòwò láti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ láti Zanzibar wá sí etíkun wa, ẹyọ wá pọ̀ jù, iye rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀. Ẹ mú èyí lọ sí Abẹ́òjìji, níbi tí gbèsè gbogbo ènìyàn ti wà ní iye ẹyọ tí wọ́n ti dá lójú ẹlẹ́rìí. Ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ rẹpẹtẹ, ẹyọ wá dọ̀pọ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà fi òjìji rẹ̀ yá ọ̀kẹ́ méjì wá lè rà á padà pẹ̀lú owó iṣu oṣù kan. Kí ni àwọn olówó yóò ṣe? Ọ̀kan nínú wọn yóò sáré lọ sọ́dọ̀ ọba, òmíràn yóò kó gbogbo òjìji tó wà nílé rẹ̀ sá lọ lóru. Ìdajì ìwé mi ni ìbéèrè kan ṣoṣo yìí.

Ọjọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ti àwọn baba wa, ẹ rántí pé ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n máa ń pè é tí wọ́n bá ń ka ọjọ́ ọjà, nítorí wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n dúró lé mọ́ ọn. Òǹkọ̀wé tó ń fi ìṣirò òde òní kà á yóò ṣi ọjà rẹ̀ ná. Òṣùpá ló máa ń dójú ti òǹkọ̀wé jù. Òṣùpá tó kún máa ń yọ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ó sì tó ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀ kí ó tó tún kún. Mo ti kọ òṣùpá kíkún sí orí kẹta, mo tún fi òmíràn sí orí karùn-ún, tí ọjọ́ tó wà láàárín wọn kò ju mẹ́sàn-án lọ. Ní ìlú tí òjìji jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, tí òṣùpá sì ń fi onígbèsè hàn lóru gẹ́gẹ́ bí oòrùn ti ń fi í hàn lọ́sàn-án, àṣìṣe yẹn kò kéré.

Ẹ má ṣe fún ìlú lórúkọ tí ẹ kàn to lẹ́tà jọ. Orúkọ ìlú wa ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ dúró sí: Abẹ́òkúta wà lábẹ́ òkúta, Ìbàdàn wà ní ẹ̀bá ọ̀dàn. Abẹ́ igi àràbà ńlá kan ni wọ́n tẹ Abẹ́òjìji dó sí, òjìji igi náà sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi yáwó, ìdí nìyí tí oòrùn fi ń pa àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ títí di òní. Èdè wọn gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ jáde bákan náà. A ní ìkíni fún ẹni tó ń jókòó, fún ẹni tó ń dìde, fún ẹni tí òjò pa. Ní Abẹ́òjìji, ẹni tó bá kí onígbèsè pé “ẹ kú ìyálẹ̀ta” ti bú u, ìjà sì lè bẹ́ sílẹ̀. Mo ṣẹ̀dá òwe mẹ́rin péré fún wọn, ọ̀kan nínú wọn ni “Ọ̀sán gangan ni ọ̀rẹ́ onígbèsè.” Bí òwe bá ju mẹ́rin, márùn-ún lọ, ó máa ń dà bí ìgbà tí òǹkọ̀wé ń ṣàfihàn ara rẹ̀. Bí àwọn àjèjì inú ìtàn yín bá ní láti sọ ẹ̀ka-èdè tó yàtọ̀, ẹ má ṣe mú ẹ̀ka-èdè àwọn ènìyàn kan tó wà láàyè fún gbogbo ọ̀daràn inú ìwé. Àwọn tó ni èdè náà máa ń kàwé.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà jọ èyí. Ọ̀ṣun kì í ṣe ènìyàn inú ìwé ìtàn fún ẹni tó ń lọ sí igbó rẹ̀ ní Òṣogbo, èyí tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn tó ń bọ ọ́ ní Brazil àti Cuba. Kò sí òfin tó ní kí a má fi òrìṣà sínú ìtàn, èmi kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù. Ohun tí mo yàn fún ara mi ni pé kí n dá irúnmọlẹ̀ tèmi sílẹ̀, kí n lè jẹ́ kó purọ́, kó jalè, kó sì kú bí ìtàn bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti iwin yàtọ̀. Láti ìgbà tí ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà ti jáde ní 1938, òǹkàwé Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé iwin fún un. Ìṣòro tó kù ni pé kí iwin tiyín má jọ tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ gbogbo èyí tán, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà orí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ yọ síwájú rẹ̀: iye owó iṣu, àwọ̀ ojú ìyá àgbà, ọjọ́ mélòó láti ìlú kan dé èkejì. Òǹkọ̀wé tó ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ní olótùú tí yóò rántí fún un. Ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni olótùú yín. Èyí tí òǹkàwé yóò rí kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀nba lọ. Mo ti kọ ojú-ewé mẹ́fà rí láti ṣàlàyé òfin gbèsè Abẹ́òjìji, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo fi obìnrin kan tó ń dín àkàrà lóru rọ́pò. Ó gbé fìtílà rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá lẹ́yìn ààrò, ó sì fi àáfọ́ igbá bò ó lójú kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kọjá inú epo tó ń hó. Àwọn tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé fìtílà wọn sókè kí ọjà wọn lè hàn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èrò pọ̀ sí, wọ́n dúró nínú òkùnkùn, wọ́n na ọwọ́ nìkan sínú ìmọ́lẹ̀ láti gba àkàrà, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí. Òǹkàwé tó bá rí ọwọ́ wọ̀nyẹn ti mọ òfin gbèsè ìlú náà ju bí ojú-ewé mẹ́fà ti lè sọ ọ́ lọ.

Ní ti ìtẹ̀wé, ohun méjì ni mo fẹ́ sọ. Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, nílé, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Èkejì ni pé lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo tó dá dúró lórí kọ̀ǹpútà, ṣe ni a ń to àmì ohùn lé lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀, nítorí náà fọ́ńtì tó dára lójú kọ̀ǹpútà yín lè sọ gbogbo orí kìíní di àpótí kéékèèké lórí fóònù ẹlòmíràn. Ẹ yan fọ́ńtì tó mọ Yorùbá, ẹ so ó mọ́ inú fáìlì ìwé náà, kí ẹ sì ṣí i lórí fóònù mẹ́ta tó yàtọ̀ síra kí ẹ tó gbé e jáde.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ ka orí kan sókè fún ẹnì kan tí kì í ka ìtàn iwin rárá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti ta aṣọ lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni mo kà tèmi fún. Ó gbọ́ ọ dé òpin, kò sọ̀rọ̀ nípa àràbà tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ó ní, “Obìnrin tó fi òjìji yáwó nígbà tó lóyún ńkọ́? Nígbà tó bímọ, ṣé ọmọ náà bá òjìji tirẹ̀ wá, àbí ọ̀dọ̀ olówó ló wà?” Mo wò ó títí, n kò rí èsì fọ̀. Orí kọkànlá ni ọmọ náà wà báyìí, ó ti pé ọmọ ọdún méje, kò sì tí ì sí ẹni tó sọ fún un.